Àmì Ìkòkò Lára Káàdì

Ohun tó kọ́kọ́ bí Fúnlọ́lá nínú lọ́dún 1998 kì í ṣe olè. Àwọ̀ ewé ni.

Dókítà Oyèlárán, olùkọ́ jọ́gíráfì ní yunifásítì, ló gbé máàpù méjìlá wá sí ṣọ́ọ̀bù Fúnlọ́lá ní Mayfair n'Ífẹ̀, níbi tó ti ń bá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tẹ ìwé lórí kọ̀ǹpútà. Ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi ya àwọn máàpù náà, gbogbo oko tó wà láti Ifẹ̀ títí dé etí odò Ṣàṣà. Ó fẹ́ kí Fúnlọ́lá tún wọn yà lórí ẹ̀rọ, kó kùn wọ́n, kí òun lè fi wọ́n ṣe ìwé fún àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́. Kókó ní láti jẹ́ ewé tó ṣú, obì ní láti jẹ́ ewé tó ń tàn, igbó ìjọba ní láti wà láàárín àwọn méjèèjì. Fúnlọ́lá jókòó ti ẹ̀rọ fún ọjọ́ mẹ́ta, ó kùn ún, ó tún un kùn, ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà àlòkù tó rà kò mọ̀ ju àwọ̀ mẹ́rìndínlógún lọ. Kókó, obì àti igbó, ewé kan náà ni gbogbo wọn ń jáde. Dókítà wo ojú ẹ̀rọ náà títí, ó bọ́ awò ojú rẹ̀.

"Ìyá Ìmọ́lẹ̀," ó pe Fúnlọ́lá bí wọ́n ti ń pè é ládùúgbò, "bí a bá tẹ èyí jáde, àwọn ará Ifẹ̀ á ní mo ti gé gbogbo obì wọn lulẹ̀."

Ẹ̀rín ló fi sọ ọ́, ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà dun Fúnlọ́lá wọ egungun. Ọdún mẹ́jọ ló ti fi ń bá àwọn ọmọ yunifásítì tẹ iṣẹ́ àṣekágbá. Ó ti tẹ orúkọ ẹgbẹ̀rún èèyàn sí ojú ewé àkọ́kọ́, títí kan orúkọ àwọn ọ̀lẹ tí kò mọ ohun tó wà nínú ìwé ara wọn, kò sì sí ìwé kan ṣoṣo tí orúkọ tirẹ̀ wà. Dókítà ti ṣèlérí pé nínú ìwé tuntun yìí wọn yóò kọ ọ́ gàdàgbà pé Fúnlọ́lá Adébíyìí ló ya àwọn máàpù. Orúkọ yẹn ló ń lé oorun lójú rẹ̀.

"Ẹ fún mi di òpin oṣù kẹjọ, sà," ó ní. "Ẹ̀rọ ló kù díẹ̀ káàtó, kì í ṣe ọwọ́ mi."

Ohun tí ẹ̀rọ náà nílò kò ju káàdì àwòrán lọ, pátákó pẹlẹbẹ kan tí kò tóbi ju àtẹ́lẹwọ́ lọ, tó máa ń wà nínú àpótí kọ̀ǹpútà. Òun ló ń pinnu iye àwọ̀ tí ojú ẹ̀rọ lè fi hàn. Fúnlọ́lá kó àjọ, ó wọ mọ́tò lọ sí Ìkẹjà, sí òpópó àwọn oníkọ̀ǹpútà, ó sì yà sí ṣọ́ọ̀bù obìnrin kan tí wọ́n ń pè ní Alhájà Hàjàrá. Ẹni tó ń bá Alhájà tajà ni Abdulwahab, ọmọ Ìlọrin, baba ọlọ́mọ mẹ́ta tí irùngbọ̀n rẹ̀ ti ń funfun. Kò tẹ́ńbẹ́lú Fúnlọ́lá nítorí pé obìnrin ni. Ó béèrè irú ẹ̀rọ tó ní, ó kọ ọ́ sílẹ̀, ó yọ káàdì kan nínú ọ̀rá, ó sì fi í sínú ẹ̀rọ tirẹ̀ lójú Fúnlọ́lá. Àwòrán òdòdó kan yọ. Fúnlọ́lá ka oríṣi pupa mẹ́fà lára òdòdó kan ṣoṣo.

"Màdáàmù, mo bẹ̀ yín," Abdulwahab ní, bó ti ń dì í fún un, "ẹ jẹ́ kí wọ́n fi í sí i lójú yín. Bí ẹ ò bá sí níbẹ̀, ẹ má jẹ́ kí wọ́n tú ẹ̀rọ yín."

Fúnlọ́lá ní òun ti gbọ́. Etí ló gbọ́ ọ.

Bó ti dé Ifẹ̀, Ìlódè ló kọ́kọ́ yà sí kó fi ohun tó rà han ìyá rẹ̀. Màmá Àyọ̀kẹ́ ti lé ní àádọ́rin ọdún, ìkòkò ìnáwó ló sì ń fi háyà: ìkòkò irin ńlá ńlá, agbada, abọ́ onítánganran. Kò kàwé, ṣùgbọ́n ní ogójì ọdún tó ti ń ṣe é, ìkòkò rẹ̀ kan kò sọnù rí. Ìdí ni pé kò sí èyí tí kò sàmì sí. Abẹ́ etí ìkòkò kọ̀ọ̀kan ló máa ń kán kútẹ́ẹ̀sì pupa sí ní ojú mẹ́ta, yóò sì fa ìlà wíwọ́ kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Ogún ìkòkò lè pàdé lẹ́yìn ilé ìnáwó kan, èéfín a sì sọ gbogbo wọn di ọ̀kan náà. Alámì nìkan ló ń gbé tirẹ̀ lọ láìjà.

Màmá yí káàdì náà sọ́tùn-ún, ó yí i sósì. "O ti sàmì sí i?"

"Sí kí ni, Màmá?"

"Sí ohun tí o rà yìí. Ṣebí o ní ẹlòmíràn lo máa gbé e fún kó bá ọ fi sí i."

"Káàdì kọ̀ǹpútà ni, Màmá. Kì í ṣe ìkòkò."

"Ohun tó bá máa kúrò lójú ẹni, àmì là ń fi sí i."

Inú bí Fúnlọ́lá. Láti ìdájí ló ti wà lójú ọ̀nà, eruku ti kún irun rẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì ti wú. "Ẹ fẹ́ fi kútẹ́ẹ̀sì ba ohun tí mo fi àjọ odidi ọdún kan rà jẹ́? Ẹ má fọwọ́ kàn án o! Àwọn tó ṣe é kò háyà ìkòkò!"

Màmá gbé káàdì náà kalẹ̀. Fúnlọ́lá bọ́ sẹ́yìnkùlé lọ wẹ̀. Nígbà tó jáde, ó bá ìyá rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, èékánná ọwọ́ òsì pọ́n fòò, ó ń fi ẹnu fẹ́ wọn kí wọ́n gbẹ.

"Ta lẹ ń ṣe ọ̀ṣọ́ dè, Màmá?" Fúnlọ́lá fi í ṣe yẹ̀yẹ́.

Màmá ń fẹ́ èékánná tirẹ̀ lọ. Fúnlọ́lá rò pé inú ṣì ń bí i ni.

Ẹni tó mọ kọ̀ǹpútà tú jù ní Ifẹ̀ nígbà náà, tàbí ẹni tó pariwo jù pé òun mọ̀ ọ́n, ni Injiníà Lágúnjú tó wà ní Òkè-Ogbó. Kóòtù funfun ló máa ń wọ̀ bíi dókítà ọsibítù. Ó fi aṣọ ìkélé pín ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ sí méjì, ó sì kọ ọ́ sára ògiri pé oníbàárà kò gbọdọ̀ kọjá ibẹ̀. Bó bá ti gba ẹ̀rọ lọ́wọ́ rẹ, ẹ̀yìn aṣọ ló ń gbé e lọ. Á ní eruku ara èèyàn ń pa káàdì. Ẹ gbọ́ ná! Ẹni tó ń lẹ táyà kẹ̀kẹ́ lẹ́bàá títì a máa jẹ́ kí oníkẹ̀kẹ́ lóṣòó ti òun. Àwa náà tí a kì í kúrò lọ́dọ̀ télọ̀ láìgba àjákù aṣọ wa, àwa náà la ń gbé ẹ̀rọ olówó iyebíye fún Lágúnjú tí a ń dúró síta bí ẹni tí ìyàwó rẹ̀ ń rọbí. Ọ̀jọ̀gbọ́n gbà bẹ́ẹ̀, olóyè gbà bẹ́ẹ̀. Fúnlọ́lá rántí ọ̀rọ̀ Abdulwahab, ó tilẹ̀ la ẹnu, ṣùgbọ́n ó wo kóòtù funfun yẹn, ojú sì tì í kí wọ́n má lọ pè é ní ará oko. Ó gbé àpótí ẹ̀rọ rẹ̀ àti káàdì tuntun náà lé Lágúnjú lọ́wọ́.

"Ẹ padà wá lọ́túnla, Ìyá Ìmọ́lẹ̀," Lágúnjú ní.

Nígbà tó padà dé, Lágúnjú tan ẹ̀rọ náà níwájú rẹ̀. Ewé kan náà. Kókó ni obì, obì ni igbó.

"Ayédèrú ni wọ́n tà fún yín," Injiníà ní. Ó mi orí bí ẹni tó ń tufọ̀. "Mo gbìyànjú títí. Àwọn ará Ìkẹjà yẹn ti rí yín pé obìnrin ni yín." Ó ti dá káàdì kan padà sínú ọ̀rá tí Abdulwahab dì í sí, ó sì nà án sí i.

Fúnlọ́lá dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó dúpẹ́! Ó tún sanwó iṣẹ́ lé e.

Kò jẹ́ kí ọjọ́ kejì ṣú mọ́ ọn ní Ifẹ̀. Ìbínú ló gbé e dé Ìkẹjà, mọ́tò kàn tẹ̀ lé e ni. Èrò kún ṣọ́ọ̀bù Alhájà Hàjàrá bó ti wọlé. Ó ju ọ̀rá náà sórí tábìlì. Abdulwahab yọ káàdì náà, ó yí i padà lẹ́ẹ̀mejì, ó sì rọra gbé e kalẹ̀.

"Màdáàmù, kì í ṣe èyí ni mo tà fún yín."

Ọ̀rọ̀ yẹn ló da epo sí iná. Fúnlọ́lá figbe ta. Ó pè é lólè, ó pè é ní oníjìbìtì, ó ní irùngbọ̀n rẹ̀ ń funfun, inú rẹ̀ ń dúdú. Ó bọ́ sẹ́nu ọ̀nà, ó ń pe àwọn tó ń kọjá kí wọ́n wá wo ẹni tó ń ta pàǹtí fún ọmọ ọlọ́mọ. Èrò sì pé. Ọkùnrin kan tó ti ń kàwó lọ́wọ́ láti ra ẹ̀rọ ìtẹ̀wé dá owó rẹ̀ padà sápò, ó sì jáde. Alhájà Hàjàrá yọ láti ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù.

"Ọjà tó bá ti jáde níbí, a kì í gbà á padà," ó ní. Ṣùgbọ́n Abdulwahab ló ń wò bó ti ń sọ ọ́, kì í ṣe Fúnlọ́lá.

Abdulwahab kò bú u padà. Ohun kan ṣoṣo ló sọ: "Ẹ lọ bi ẹni tó tú ẹ̀rọ yín."

Fúnlọ́lá pòṣé, ó sì kúrò níbẹ̀. Ká má parọ́, ara tù ú.

Gbọ̀ngán ni mọ́tò dé kí ọ̀rọ̀ náà tó bẹ̀rẹ̀ sí í ro lọ́kàn rẹ̀. Ọkùnrin yẹn kò pariwo. Olè tí a bá ká mọ́ a máa pariwo ju olóhun lọ. Ó kọjá ilé rẹ̀, ó lọ tààrà sí Òkè-Ogbó. Èèyàn mẹ́ta ló jókòó lórí bẹ́ǹṣì níwájú aṣọ ìkélé.

"Injiníà, ẹ jọ̀ọ́," ó ní, ó tilẹ̀ rẹ ohùn sílẹ̀, "ṣé kì í ṣe pé káàdì mi pààrọ̀ mọ́ ti ẹlòmíràn níbí?"

"Ìwọ!" Ibi tí ọ̀wọ̀ parí sí nìyẹn. "Èmi lò ń pè lólè níwájú àwọn oníbàárà mi?" Lágúnjú bọ́ kóòtù funfun sọ sílẹ̀, ó sì gba ilé Alàgbà Awóyẹmí lọ láìdúró gbọ́ èsì.

Alàgbà Awóyẹmí ló ni gbogbo ṣọ́ọ̀bù tó tò lọ ní Mayfair, òun sì ni alága àwọn oníṣòwò àdúgbò. Bó bá dájọ́, ó parí. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ọjọ́bọ̀, ó pe àwọn méjèèjì sí pálọ̀ rẹ̀. Èèyàn méje ló wà níbẹ̀, ilẹ̀kùn ṣí sílẹ̀ gbayawu. Lágúnjú rojọ́ títí tí òòrùn fi wọ̀. Nígbà tó kan Fúnlọ́lá, Baba na ìka sí i.

"Ẹlẹ́rìí rẹ dà?"

"Baba, mi ò pè wọ́n lólè. Mo kàn béèrè ni."

"Mo ní ẹlẹ́rìí rẹ dà?"

"Kò sí, sà."

"Ó ju ẹ̀gbọ́n rẹ lọ. Kúnlẹ̀, kí o bẹ̀ ẹ́, ká parí ẹ̀ níbí. A kì í tìtorí irin lásán ba ìrẹ́pọ̀ jẹ́."

Fúnlọ́lá wo àwọn méje náà lójú lọ́kọ̀ọ̀kan. Àwọn méje náà ń wo ilẹ̀. Ó kúnlẹ̀ lórí sìmẹ́ǹtì. Lágúnjú jẹ́ kó wà níbẹ̀ títí òun fi mu ọtí ẹlẹ́rìndòdò tí wọ́n gbé fún un tán. Ó wá nu ẹnu.

"Mo ti dárí jì ọ́," ó ní. "Ẹ̀yin obìnrin, ẹ rọra máa ṣe. Kọ̀ǹpútà kì í ṣe ẹ̀rọ ìlọta."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ìyẹn ló dùn ún ju ìkúnlẹ̀ lọ.

Òpin oṣù kẹjọ pé. Dókítà Oyèlárán wá, ó wo ojú ẹ̀rọ, ó sì ká máàpù rẹ̀ méjìlá padà sínú páálí. Àwọn kan ní Ìbàdàn ló máa yà wọ́n. Kò bínú, kò sọ̀rọ̀ burúkú. Ó kàn ní "Ó dàárọ̀" ní ọ̀sán gangan. Orúkọ Fúnlọ́lá kò ní sí nínú ìwé kankan. Nígbà tí Màmá Àyọ̀kẹ́ béèrè pé káàdì rẹ̀ ń kọ́, Fúnlọ́lá ní ó ti bàjẹ́, kò sì ṣàlàyé. Màmá fi ọwọ́ bo ẹnu. Láti ọjọ́ náà kò tún béèrè mọ́.

Nínú oṣù kẹwàá, Alàgbà Awóyẹmí ra kọ̀ǹpútà sínú pálọ̀ rẹ̀. Lágúnjú ló tò ó fún un. Nígbà tó wá kù ẹni tó máa tẹ ìwé ìpè sí ìpàdé ẹgbẹ́, ta ni wọ́n ránṣẹ́ pè? Obìnrin náà ni, èyí tí kò mọ ìyàtọ̀ kọ̀ǹpútà sí ẹ̀rọ ìlọta. Baba kì í gba nọ́ò lọ́wọ́ ayálégbé rẹ̀, Fúnlọ́lá sì lọ.

Wọ́n ti ṣí ìdérí àpótí ẹ̀rọ náà sílẹ̀, fáànù onídùúró ń fẹ́ sí ikùn rẹ̀, bí gbogbo wa ṣe máa ń ṣe nígbà ooru. Fúnlọ́lá tàn án. Ojú ọ̀run àti òkè kan yọ lójú ẹ̀rọ, àwọ̀ búlúù ibẹ̀ kò ṣeé kà. Ẹ̀rọ yìí mọ àwọ̀ o, ó rò nínú ara rẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ wo inú àpótí.

Lẹ́yìn káàdì àwòrán, ní igun ìsàlẹ̀, kútẹ́ẹ̀sì pupa wà ní ojú mẹ́ta. Ìlà wíwọ́ kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn.

Ó rántí ìyá àádọ́rin ọdún tó jókòó sẹ́nu ọ̀nà, tó ń fẹ́ èékánná. Ó tẹ ìwé ìpàdé náà láti òkè dé ilẹ̀ láìṣi ọ̀rọ̀ kan tẹ̀. Ó ní "Ó dàbọ̀, sà", ó sì wọ takisí lọ sí Ìlódè.

"Màmá," ó ní, kò tíì jókòó, "ṣé ẹ sàmì sí káàdì mi lọ́jọ́ yẹn?"

Ojú Màmá Àyọ̀kẹ́ dà rú. Ó fi ìgbálẹ̀ tó ń fi gbálẹ̀ sílẹ̀, omi sì lé ròrò sójú rẹ̀. "Dákun, ọmọ mi. Mo mọ̀ pé èmi ni mo bà á jẹ́. Láti ìgbà tí o ti ní ó bàjẹ́ ni mi ò ti sùn dáadáa. Mo ní bí mo bá sọ fún ọ pé kútẹ́ẹ̀sì mi ló pa ẹ̀rọ rẹ, o ò ní wá kí mi mọ́."

Oṣù méjì! Oṣù méjì gbáko ni ìyá rẹ̀ fi gbé ẹ̀ṣẹ̀ Lágúnjú rù sórí ara rẹ̀. Fúnlọ́lá dì mọ́ ọn, àwọn méjèèjì sunkún nídìí ìkòkò. Lẹ́yìn náà ló nu ojú rẹ̀.

"Ẹ mú ìkòkò kan, Màmá. Ẹ mú èyí tí àmì rẹ̀ hàn jù."

Ó gbà wọ́n di ọ̀sán ọjọ́ Àìkú. Fúnlọ́lá ti lọ bẹ Baba pé kó pe Injiníà àti àwọn méje yẹn, ó ní ọ̀rọ̀ ọjọ́sí ló ṣẹ́kù díẹ̀. Baba rò pé ó tún fẹ́ bẹ̀bẹ̀ ni. Nígbà tí gbogbo wọ́n pé, Màmá Àyọ̀kẹ́ wọlé pẹ̀lú ìkòkò ìsebẹ̀ lórí, ó sì dojú rẹ̀ dé sórí sìmẹ́ǹtì lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ̀ǹpútà Baba.

"Baba, ẹ jọ̀ọ́ sà," Fúnlọ́lá ní, "ẹ wo abẹ́ etí ìkòkò yìí. Kí ẹ wá wo káàdì tó wà nínú ẹ̀rọ yín."

Alàgbà Awóyẹmí bẹ̀rẹ̀. Ó wo ìkòkò, ó wo káàdì, ó tún wo ìkòkò. Ó wá tọwọ́ bọ àpò, ó wọ awò ojú rẹ̀, ó sì tún gbogbo rẹ̀ wò.

"Kútẹ́ẹ̀sì pọ̀ lọ́jà," Lágúnjú ní. Ohùn rẹ̀ kò le tó ti tẹ́lẹ̀.

"Kútẹ́ẹ̀sì pọ̀," Màmá Àyọ̀kẹ́ dá a lóhùn. "Ọwọ́ mi ni kò pọ̀." Ó na ìka ìfábẹ̀lá ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ síta kí gbogbo wọ́n rí i. Ọmọ odó ló gún un nígbà tó wà lọ́mọge, ó sì ti wọ́ láti ìgbà náà, ìdí nìyẹn tí ìlà rẹ̀ kì í fi í tọ́. Ó tú ìgò kútẹ́ẹ̀sì kékeré nídìí ìró rẹ̀. "Gbà, Injiníà. Fa irú rẹ̀ ká rí i."

Lágúnjú kò gba ìgò náà. Ó ní ó lè jẹ́ àṣìṣe, pé iṣẹ́ pọ̀ lọ́jọ́ yẹn, pé káàdì máa ń jọra.

"Ẹ ti ilẹ̀kùn," Baba ní, ohùn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀. "Ẹ jẹ́ ká fi ọ̀rọ̀ yìí ṣe ọ̀rọ̀ inú ilé."

"Baba, ilẹ̀kùn ṣí sílẹ̀ lọ́jọ́ tí mo kúnlẹ̀," Fúnlọ́lá ní. "Ẹ jẹ́ kó ṣí."

Àwọn méje náà tún ń wo ilẹ̀. Fúnlọ́lá kò lè sọ èyí tó kù fún ẹni tó tó bí i lọ́mọ, ṣùgbọ́n Màmá Àyọ̀kẹ́ fi ọdún mẹ́rin ju Baba lọ. "Awóyẹmí," ó pè é ní orúkọ, "agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. O mú ọmọ mi kúnlẹ̀ fún ẹni tó jà á lólè."

Baba yíjú sí Lágúnjú, ó sì fi ojú júwe ilẹ̀ fún un. Injiníà dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí sìmẹ́ǹtì, àyà rẹ̀ kan ilẹ̀. Fúnlọ́lá pa fáànù, ó yọ wáyà, ó mú ṣúkúdíráfà tó rà láàárọ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta, ó sì tú ìdè kan ṣoṣo tó di káàdì náà mú. Ó fà á yọ. Àṣé iṣẹ́ tí wọ́n ń fi aṣọ ìkélé bò kò ju báyìí lọ!

Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ló ti fi í sínú ẹ̀rọ tirẹ̀, Màmá jókòó tì í. Ó ya oko kékeré mẹ́ta, ó sì kùn wọ́n. Kókó ṣú, obì tàn, igbó dúró láàárín. Màmá ní ó dára. Fúnlọ́lá jókòó níwájú ewé mẹ́ta náà, kò sì sí máàpù kankan tó fẹ́ kùn.

Ibẹ̀ ni irùngbọ̀n funfun Abdulwahab ti yọ sí i lọ́kàn. Ó ti fi gbogbo ọ̀sán béèrè pé kí ẹni tó ṣẹ òun bẹ òun níbi tí wọ́n ti ṣẹ òun. Òun náà ní ẹni tó yẹ kó lọ kúnlẹ̀ fún, níwájú èrò, lẹ́nu ọ̀nà kan ní Ìkẹjà.

Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ó dé ibẹ̀. Ẹlòmíràn ló jókòó sí ìdí tábìlì. Fúnlọ́lá béèrè Abdulwahab, onítọ̀hún sì pe Alhájà Hàjàrá jáde.

"Abdulwahab ti kúrò," Alhájà ní. "Mo lé e. Obìnrin kan wá láti Ifẹ̀, ó ní ayédèrú ló tà fún òun. Ó pariwo títí gbogbo òpópó yìí fi gbọ́. Oníbàárà mi mélòó ni kò wá mọ́! Mo ní bóyá ó ń pààrọ̀ ọjà mi lẹ́yìn mi ni."

"Ẹ lé baba ọlọ́mọ mẹ́ta!" Ìbínú ru bo Fúnlọ́lá kó tó mọ̀. "Nítorí ọ̀rọ̀ ẹnu ẹnìkan? Ẹ ò tiẹ̀ wádìí?"

Alhájà Hàjàrá wò ó fínnífínní. Ó wo gèlè rẹ̀, ó wo ojú rẹ̀.

"Màdáàmù, ẹ̀yin ni," ó ní. "Ẹ̀yin lẹ pè é lólè. Ṣé ẹ̀yin wádìí?"

Orúnkún Fúnlọ́lá kanlẹ̀. Ó ti ń bẹ̀bẹ̀ kó tó rí i pé ẹni tó yẹ kó gba ẹ̀bẹ̀ náà kò sí níbẹ̀. Alhájà ní kó dìde, pé kì í ṣe òun ló ṣẹ̀. Ó ní Abdulwahab ti kó ìyàwó àti ọmọ rẹ̀ padà sí Ìlọrin, ẹ̀yìn mọ́ṣáláṣí kan ní Àdètà, kò sì sí tẹlifóònù níbẹ̀.

Fúnlọ́lá dìde, ó bọ́ sẹ́nu ọ̀nà, sí ojú ibi tó dúró sí lọ́jọ́sí gan-an. Ó fi ohùn tó fi figbe ọjọ́sí figbe.

"Abdulwahab kò jalè! Èmi ni mo parọ́ mọ́ ọn! Ẹ gbọ́ o, kò jalè!"

Èèyàn méjì yíjú wò ó, wọ́n sì ń bá tiwọn lọ. Ẹni tó ń ta wáyà lódìkejì yí rédíò rẹ̀ sókè sí i. Fúnlọ́lá tún un sọ lẹ́ẹ̀kejì, ó tún un sọ lẹ́ẹ̀kẹta, kò sí ẹni tó dúró.

Ó dẹ́kun. Ó bi oníwáyà náà léèrè ibi tí wọ́n ti ń wọ mọ́tò Ìlọrin.